Ilé Tí Wọ́n Ní Kí N Pè Ní Tèmi

Yàrá mẹ́rin ni wọ́n fi hàn mí lọ́sẹ̀ tí mo dé Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ààlà Nàìjíríà, apá mi ò sì ká ọ̀kankan nínú wọn. Èyí tó dára jù wà létí ọ̀sà. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọ inú rẹ̀ láti ojú omi, èèyàn á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa wo àwọn apẹja bí wọ́n ti ń da àwọ̀n. Ẹni tó ni ín kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́, ó ní àwọn akọ̀wé ìjọba lòun ń fún nílé, òun kì í gba másọ̀n.

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ mi níbẹ̀. Ní Èrúwà tí wọ́n bí mi sí, àti ní Èkó tí mo ti kọ́ṣẹ́, bíríkìlà ni mí. Ní Àjàṣẹ́, másọ̀n ni mí. Èmi tí mo lè gbé ògiri dúró láti ìpìlẹ̀ dé ibi òrùlé, inú ilé tí à ń kọ́ lọ́wọ́ ni mo sùn fún oṣù kan gbáko, mo fi àpò sìmẹ́ǹtì ṣe ìrọ̀rí. Tí òjò bá dé, màá dìde dúró sí igun kan títí á fi dá.

Nàgó tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ jọ Yorùbá wa. Ìjọra náà gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Tí mo bá wà láàárín àwọn Ẹ̀gùn, mo mọ̀ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan, màá rẹ́rìn-ín, màá mi orí. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Nàgó, ọ̀rọ̀ á máa lọ geere bíi ti ilé, ó di lójijì, Faransé á yọ jáde láàárín rẹ̀ bí òkúta nínú ìrẹsì. Sìmẹ́ǹtì tiwa, sìmáàn ni wọ́n ń pè é. Tí mo bá ti la ẹnu pé sìmẹ́ǹtì, gbogbo ojú á yí sí mi.

Ìyá Rábíù ló gbà mí sílé. Àgbàlagbà obìnrin Mùsùlùmí ni, aṣọ ló ń tà, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ilé méjì ló ní nínú ìlú náà: ọ̀kan ní àdúgbò Houinmè, níbi tó ń gbé, èkejì ní Djègan-Kpèvi, tó fi ń gba ayálégbé. Ó ń kọjá lọ lọ́jọ́ kan, ó rí mi lórí iṣẹ́, ó dúró.

"Ìwọ lo gbé ògiri yìí dúró?"

"Èmi ni, ìyá."

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Èrúwà ni mí. Ní Ìbàràpá."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ògiri ẹ ò wọ́. Wá wo tèmi."

Ilé Djègan-Kpèvi náà, ilé amọ̀ ni, yàrá mẹ́fà ló yí àgbàlá ká, igi mángòrò kan wà láàárín. Ògiri ti sán káàkiri. Ó fún mi ní yàrá tó kéré jù, ó dín owó rẹ̀ kù, kí n lè máa tún ilé náà ṣe fún un. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi ni Àfíàví, obìnrin Ẹ̀gùn kan tó ń yan ẹja, tó ní ọmọ mẹ́rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jí ńbẹ̀, ó kí mi: "A fọ́n gánjí à?" Mi ò mọ èsì rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fún mi ní ẹja kan. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ní Àjàṣẹ́ tí kò ní ẹ̀gún nínú nìyẹn.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, màá lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ láti pe Ẹ̀gbọ́n mi Àlàbí. Ìránṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì kan ní Èkó, ọ̀gá rẹ̀ sì ń gbà á láyè lórí fóònù ọ́fíìsì. Màá sọ ìlú tí mo fẹ́ pè fún ọkùnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, títí wọ́n á fi ké pè mí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré.

"Ṣé ò ń jẹun?" Ohun tí Ẹ̀gbọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

"Mò ń jẹun, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìyá ní ṣé yàrá ẹ ní fèrèsé."

"Ẹ sọ fún wọn pé ó ní."

Kò ní fèrèsé nígbà yẹn. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, mo gba àṣẹ lọ́wọ́ Ìyá Rábíù, mo dá ògiri lu, mo fi fèrèsé kékeré kan sí i, kí irọ́ tí mo pa fún ìyá mi lè di òótọ́.

Àwa bíríkìlà la máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí ọjọ́ iwájú ìlú kan yóò ti rí. Kí àwọn oníwèé ìròyìn tó kọ ọ́, kí àwọn ìjòyè tó sọ ọ́, àwa ti mọ̀. Tí ọkàn àwọn èèyàn bá balẹ̀, wọ́n á ra iyanrìn. Ọkọ̀ ojú omi á máa gbé e bọ̀ létí ọ̀sà, ó máa ga bí òkè. Tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, iyanrìn á dúró síbẹ̀, ewéko á hù lórí rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí àwọn sójà gba ìjọba, à ń rẹ́ ojú ògiri ilé oníṣòwò kan ní Houinmè. Rédíò kan ń kọrin ogun nílé kejì, orin náà kò sì dáwọ́ dúró. Oníṣòwò náà rìn jáde, kò wọ bàtà. Ó wo ilé rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣẹ̀.

"Ẹ dáwọ́ dúró," ó ní. "Ẹ má rẹ́ ojú ìta mọ́. Inú nìkan ni kí ẹ rẹ́."

"Ọ̀gá, òjò á jẹ ẹ́."

"Kí òjò jẹ ẹ́. Òjò ò ní bi mí níbi tí mo ti rówó."

Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ìlú náà nìyẹn. Ẹni tó ń kọ́lé dá a dúró níbi fèrèsé. Sìmẹ́ǹtì gbẹ di òkúta nínú àpò, nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Nítorí pé kò sẹ́ni tó ń kọ́lé, yàrá ò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò yé bímọ, ará oko ò sì yé wọ̀lú. Ìdílé méjì ń gbé yàrá kan. Owó yàrá ń gòkè, iṣẹ́ ń rọlẹ̀. Wọ́n ní kí á máa pe ara wa ní kàmáràdì. Mo ń pè é, ṣùgbọ́n mo máa ń wo ẹ̀yìn mi lẹ́yìn tí mo bá pè é tán.

Lórí fóònù, Ẹ̀gbọ́n Àlàbí sọ pé, "Wá sílé. Owó epo ti sọ Èkó di nǹkan mìíràn. Kò síbi tí wọn ò ti kọ́lé, wọ́n ń wá bíríkìlà lójú méjèèjì."

Mo ní màá ronú sí i. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí. Mo ti sọ fún gbogbo agbolé wa pé tí mo bá padà, wọn ò ní dá mi mọ̀. Ṣé aṣọ méjì àti irin ìrẹ́lé kan ni màá wá gbé wọlé? Mo dúró. Ìgbéraga ọ̀dọ́mọkùnrin ló dá mi dúró, kì í ṣe ìgboyà.

Nígbà tó yá, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Olórí tiwa ni Sẹ̀wánù, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, Ẹ̀gùn ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Nàgó dáadáa. Wọ́n ní yóò máa wọ ilé dé ilé pẹ̀lú sójà, yóò máa kọ orúkọ ẹni tó ni ilé àti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ọjà pé ẹni tó bá ní ilé méjì, ìjọba á gba ọ̀kan. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àìmọ̀ náà ló ń pa wá.

Ìyá Rábíù wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun. Ó wọ yàrá mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí ibùsùn mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Wọ́n ń bọ̀ wá kọ orúkọ," ó ní. "Ilé méjì ni mo ní. Rábíù, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà ní Àbíjàn. Tí mo bá ní òun ló ni èyí, wọ́n á ní ó sá lọ ni. Èmi tí mo fi orí ru aṣọ fún ogún ọdún kí n tó ní ìsọ̀, wọ́n á pè mí ní ọ̀tá aráàlú."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, ìyá?"

"Sọ pé ìwọ lo ni ilé yìí."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó yí àtẹ́lẹwọ́ wọn sókè.

"Wo ọwọ́ ẹ. Ta ló máa wo ọwọ́ yìí, tó máa sọ pé o jí owó aráàlú? Sọ pé ọmọ àbúrò ọkọ mi ni ẹ́, láti Ṣakété. Agbolé Onílẹ̀kẹ̀, lẹ́nu odi ìlú. Sọ pé mo fún ẹ."

"Ìyá, àjèjì ni mí. Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

Kò bínú, kò sì halẹ̀ mọ́ mi. Ó kàn bi mí pé: "Tí wọ́n bá gba ilé, ibo ni ìwọ àti Àfíàví àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ?"

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ọmọ Ṣakété, ìlú Nàgó kan tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Mo ń sọ ọ́ sínú bí mo ti ń po amọ̀: Onílẹ̀kẹ̀, ẹnu odi, sìmáàn, sìmáàn, sìmáàn.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Sẹ̀wánù gbé ìwé ńlá kan dání. Sójà kan tẹ̀lé e, Múdà ni wọ́n ń pè é, ó ga, ìbọn wà léjìká rẹ̀. Gbogbo wa dúró sábẹ́ mángòrò.

"Kàmáràdì, ta ló ni ilé yìí?"

Àfíàví wo ilẹ̀. Ó mọ ẹni tó ni ilé. Gbogbo ayálégbé ló mọ̀.

"Èmi ni," mo ní.

"Ìwọ másọ̀n yìí?"

"Ìyá Rábíù ló fún mi. Ọmọ àbúrò ọkọ wọn ni mí. Èmi ni mò ń tún un ṣe. Ẹ wo ògiri yẹn, ó ti fẹ́ wó, èmi ni mo fi sìmẹ́ǹtì..."

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Mo rí i bí Sẹ̀wánù ti gbé ojú kúrò nínú ìwé.

"Kí lo pè é?"

"Sìmáàn."

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ṣakété."

Ó yíjú sí sójà. "Kàmáràdì Múdà, ṣé ìlú tiyín kọ́ nìyẹn?"

Ìtọ̀ bọ́ lára mi. Díẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára bó ti ń gbóná sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Sójà náà rìn wá síwájú mi.

"Agbolé wo?"

"Onílẹ̀kẹ̀."

Adìẹ Àfíàví kan ń ta ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìró rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́.

"Mo mọ agbolé náà," sójà ní. "Ẹ̀yìn ọjà ló wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Sẹ̀wánù kọ ọ́. Wọ́n lọ. Àfíàví pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò lè yọ̀. Ẹnu odi ni Ìyá Rábíù sọ fún mi, kì í ṣe ẹ̀yìn ọjà. Kí ló dé tí ọkùnrin yìí fi gbà mí? Ìgbà wo ló fẹ́ mú mi?

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Múdà wọ àgbàlá wa, ó gbé àpótí onírin kan lórí, ó ká ẹní mọ́ abíyá.

"Ará ilé," ó ní, "wọ́n ní yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ rẹ."

Òótọ́ ni, ayálégbé kan ti kó jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Mo fi yàrá hàn án. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín tiwa méjèèjì.

Ọdún méjì ló lò níbẹ̀. Láràárọ̀ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa nu bàtà, tí mo bá yọ jáde á ní, "Ará Ṣakété, o jí?" Màá ní mo jí. Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ́ láti máa rìn láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Mo kọ́ láti wúkọ́ sínú aṣọ. Mi ò lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ mọ́, nítorí pé kí n tó lè pe Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́dọ̀ sọ Nàìjíríà jáde lẹ́nu níwájú gbogbo ènìyàn. Àwọn ayálégbé ń san owó fún mi, èmi a máa fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, màá gbé e fún Ìyá Rábíù ní Jímọ̀. Wọ́n ń pè mí ní onílé. Tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, ara mi á bù máṣọ.

Nígbà míì, ní ìrọ̀lẹ́, màá lọ sétí ọ̀sà, níbi tí kò sẹ́nìkan, màá sọ èdè Ìbàràpá sí ojú omi. Mi ò sọ ohun gidi kan. Màá kí ìyá mi. Màá bi í pé kí ló sè. Màá dá ara mi lóhùn bí òun ì bá ti dá mi lóhùn. Mò ń bẹ̀rù pé tí mi ò bá lò ó, á gbẹ bíi sìmẹ́ǹtì inú àpò. Mo rò nígbà yẹn pé ohun tí wọ́n ń pè ní ilé kì í ṣe ibi tí èèyàn sùn. Ibi tí èèyàn ti lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín lásán, ilé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Múdà lọ sí òkè lọ́hùn-ún, ní àríwá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀. Àpótí ti wà nílẹ̀, ó ti dì í.

"Jókòó," ó ní. "Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti dé Ṣakété rí?"

Mo jókòó sórí àpótí.

"Ìdíròkò ni wọ́n bí mi sí, lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni ìyá mi wà títí di òní. Nígbà tí mò ń wọ iṣẹ́ ológun ni mo pe ara mi ní ọmọ Ṣakété. Lọ́jọ́ yẹn, tí mo bá ní mi ò mọ agbolé rẹ, Sẹ̀wánù á bi mí pé, èwo wá ni o mọ̀?"

"Kí ló wá gbé yín wá síbí?"

"Kí n lè máa ṣọ́ ẹ." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Mo rò pé ọmọ Ṣakété tòótọ́ ni ẹ́, pé lọ́jọ́ kan o máa bi mí léèrè ilé mi. Àfìgbà tí mo gbọ́ tí ò ń sọ èdè yín létí ọ̀sà."

Ọdún méjì. Òun ń gbọ́ ikọ́ mi, èmi ń gbọ́ tirẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín, òun náà kò rẹ́rìn-ín. Mo bá a gbé àpótí dé ojú títì.

Lọ́sẹ̀ náà, mo pe Èkó. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ohùn mi, ìṣẹ́jú kan gbáko ló fi sunkún nínú mẹ́ta tí a ní.

"A fẹ́ ṣe òkú ẹ," ó ní. "Ìyá ni kò gbà. Wọ́n ní àwọn ò tíì lá àlá ẹ."

Ó tún bẹ̀ mí kí n wálé. Mo sọ fún un pé màá wá wò wọ́n, mo sì lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, mo lo oṣù kan lọ́dọ̀ ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo padà. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi ọwọ́ mi tún gbogbo ògiri Djègan-Kpèvi ṣe, Àfíàví sì ti ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí mi ní bàbá.

Rábíù dé láti Àbíjàn lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ sì fà á wọ ilé náà. Èmi ti rí ilẹ̀ kékeré kan lẹ́bàá irà, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Bàbá arúgbó kan fún mi nítorí pé mo mọ ògiri yí ilé rẹ̀ ká. Mo gbé yàrá méjì dúró níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ Sunday. Mo rẹ́ inú. Mo rẹ́ ìta pẹ̀lú.

Mo wà lókè, mò ń kan páànù, nígbà tí Sẹ̀wánù dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń funfun.

"Kàmáràdì! Ilé ta nìyí?"

"Tèmi ni."

Ó ṣí ìwé náà, ó wá orúkọ mi kàn. "O ti ní ọ̀kan ní Djègan-Kpèvi. Ìwọ náà ti di onílé méjì?"

Òrùn mú páànù gbóná lábẹ́ orúnkún mi. Ọ̀nà irọ́ kan ṣì wà níbẹ̀, mo rí i kedere: kí n sọ pé ilé arúgbó yẹn ni. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú mi.

"Ti Djègan-Kpèvi kì í ṣe tèmi rí," mo ní. "Ti Rábíù ni, òun ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi sọ ọ́. Mi ò sì í ṣe ọmọ Ṣakété. Nàìjíríà ni wọ́n bí mi sí."

Àwọn ará àdúgbò ti dúró, wọ́n ń wò wá.

"Sọ̀kalẹ̀."

Mo sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń wá àkàbà, kò rí i, ó tó ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dé ilẹ̀, mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dè. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ògiri. Ó fi ìlà kan pa Djègan-Kpèvi àti Ṣakété rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi.

"Ìlú wo ní Nàìjíríà?"

"Èrúwà."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

Mo pè é fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, sókè, níwájú gbogbo wọn. Ó kọ ọ́ bí àwọn Faransé ti ń kọ̀wé, ó fi lẹ́tà kan kún un níbi tí kò yẹ. Mi ò tún un ṣe. Ó pa ìwé dé, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo gun òkè padà, ìṣó mẹ́ta ló sì bọ́ sínú irà kí ìkẹrin tó wọlé.